Nọ́ńbà 27 ò jẹ yín ní gbèsè

Lánàá ni bùrọ̀dá tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ládùúgbò wa tún na cháàtì lọ́tò sí mi lójú. Ó ní, "Àbúrò, wo 27. Ó ti pé ọdún kan tí kò jáde ní Sátidé. Ó ti pọ́n, ó kù kó já bọ́." Ó ti kó owó gásíkẹ́ẹ̀tì oníbàárà lé e. Mo ní, "Bùrọ̀dá, ta ló sọ fún 27 pé ẹ ń retí ẹ̀?" Inú bí i. Inú bí èmi náà.

Bọ́ọ̀lù 90 ló ń wà nínú ẹ̀rọ, márùn-ún ni wọ́n ń mú. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo 90 ni wọ́n á tún dá padà síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù ò ní orí tó fi ń rántí nǹkan. Ìbáà jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìbáà pẹ́ ọdún kan tí a ti rí i, ọ̀kan nínú 18 ni àǹfààní tí 27 ní láti jáde.

Ibi tó wá dùn nìyí. Pé kí nọ́ńbà kan má jáde rárá fún ọ̀sẹ̀ 52, bí ìgbà 5 nínú 100 ni. Ó kéré lóòótọ́. Kódà Ronald Fisher, ọ̀gá oníṣirò ará Ìlú Ọba, 5 nínú 100 yẹn ló fi pààlà nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1925: ohun tó bá ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí á fura sí i. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ fura gbọ́dọ̀ ti dárúkọ nọ́ńbà tirẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bùrọ̀dá ò dárúkọ 27 lọ́dún tó kọjá. Gbogbo 90 ló wò tán, kó tó nawọ́ sí èyí tó pẹ́ jù. Nínú 90, mẹ́rin tàbí márùn-ún ló yẹ kó sọnù lọ́dún kan, láìsí àjẹ́ kankan nídìí ẹ̀. Ọdún tí gbogbo wọn bá jáde pé ló yẹ kó yà yín lẹ́nu.

Mo ti ya wèrè yìí rí. Nígbà tí mo wà ní pólì, 8 ni mo ń lé kiri, owó gàrí mi ló sì ń bá a lọ. Nígbà tó sú mi, mo gé páálí sí 90, mo kọ nọ́ńbà sí wọn, mo dà wọ́n sínú agolo mílíìkì ńlá. Mo ń mú márùn-ún, mo ń dá a padà, mo ń gbọn agolo, ìgbà 52. Mẹ́fà ò jáde rárá. 33 jáde lẹ́ẹ̀meje. Agolo mílíìkì o!

Irú lọ́tò yìí náà ni wọ́n ń ta ní Ítálì. Ìgbà 182 ni nọ́ńbà 53 ò fi jáde nínú lọ́tò ìlú Venice, láti 2003 títí di oṣù kejì ọdún 2005. Owó tí wọ́n kó lé e ju bílíọ̀nù mẹ́ta yúrò lọ. Àwọn kan jẹ gbèsè, àwọn kan gbẹ̀mí ara wọn.

Ẹ má bá mi sọ ti àlá, tàbí ti ẹnì kan tó jẹ owó ńlá. Ẹni tó jẹ ló ń pariwo. Ẹni tó pàdánù ń yọ́ lọ sílé ni.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ kan lábùkù o, mi ò jiyàn. Àmọ́ bí ẹ̀rọ bá ń ti 27 sẹ́yìn, ṣé 27 náà lẹ ó wá ta?

Di Sátidé ná. Oníjẹnẹrétọ̀ ti wá béèrè gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí.