Oòrùn Yàtọ̀ sí Ooru: Ìmọ́lẹ̀ Ni Sólà Ń Jẹ

Ní oṣù keje ọdún tó kọjá, ọmọ àbúrò bàbá mi kan tó ń ránṣọ ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin, yọ wáyà sólà rẹ̀ kúrò lára bátìrì, ó ká a jọ, ó fi kọ́ ìṣó. Ó ní ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí òun tó tún lò ó. "Ẹ̀gbọ́n, òjò ti dé, ooru ò sí níta mọ́. Kí ló fẹ́ máa jẹ?"

Òun nìkan kọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́bàá ọjà ń sọ ọ́. Àwọn kan tó ń ta pánẹ́ẹ̀lì pàápàá ń sọ ọ́ fún oníbàárà wọn: ibi tó bá gbóná jù ni kí ẹ gbé e sí, bó bá ṣe ń gbóná sí i ni iná á ṣe máa pọ̀ sí i, tí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ yáa lọ tún jẹnẹrétọ̀ yín ṣe.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Pánẹ́ẹ̀lì sólà kì í jẹ ooru, ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ. Ooru tí a rò pé òun ló ń bọ́ ọ, ńṣe ló ń dín agbára rẹ̀ kù, òun náà ló sì ń pa bátìrì tó wà nídìí rẹ̀.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí gbà wọlé. Oòrùn àti ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà létí wa. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ń fi oòrùn ṣe láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ooru ló ń ṣe é: èlùbọ́ tí wọ́n sá, ata tí wọ́n tẹ́ sórí ẹní, aṣọ tó wà lórí okùn. Ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá ṣú, èlùbọ́ kò ní gbẹ. Ẹni tó ti mọ oòrùn báyìí láti kékeré, tó wá rí pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sá sórí òrùlé, kò burú tó bá rò pé bí wọ́n ṣe ń sá èlùbọ́ náà nìyẹn. Àwọn ẹ̀rọ kan sì wà lóòótọ́ tó ń lo ooru oòrùn, bíi àgbá tó ń fi oòrùn gbé omi gbóná. Ní Ouarzazate, ní ilẹ̀ Mòrókò, wọ́n fi dígí ńláńlá kó oòrùn jọ sójú kan títí ooru rẹ̀ fi ń yí ẹ̀rọ iná. Ìyẹn yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí òrùlé wa.

Èyí tó wà lórí òrùlé wa, ohun tó ń dán dúdú lábẹ́ gíláàsì rẹ̀ ni sílíkónì, tí wọ́n ń yọ láti ara yanrìn. Ìmọ́lẹ̀ máa ń bọ́ lé e ní wóró-wóró, bí ìgbà tí èèyàn ń da àgbàdo sínú igbá. Wóró tó bá lágbára tó á ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, èérún tíntìntín tó ń gbé iná, kúrò ní ipò rẹ̀, sílíkónì á sì tì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo lọ. Ìrìn wọn yẹn ni iná. Edmond Becquerel, ará Faransé, ló kọ́kọ́ rí i ní 1839 pé ìmọ́lẹ̀ lè bí iná. Ó di 1954 kí wọ́n tó ṣe sílíkónì tó wúlò fún un ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n tí sílíkónì bá gbóná, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ á máa jà ràìràì fúnra wọn, agbára tó ń tì wọ́n síwájú á sì rọ̀. Agbára ìtì yẹn là ń pè ní fóltéèjì.

Ẹ rántí alẹ́ oṣù kẹta ní Kétu. Aago mẹ́wàá á lù, òógùn á ṣì máa ṣàn lára ẹni, ògiri á ṣì gbóná tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ooru kún gbogbo ilẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì wo ló ń mú iná wá ní wákàtí yẹn? Ẹ wá mú ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tó ní sólà níwájú, èyí tí kò ní bátìrì nínú. Abẹ́ gílóòbù inú ilé tí kò gbóná rárá, ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ìka bo ojú sólà rẹ̀, ìka tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nọ́ńbà á pòórá.

Jámánì tún ńkọ́, níbi tí yìnyín ti ń bọ́ lórí òrùlé? Mítà onígun mẹ́rin kan níbẹ̀ ń rí nǹkan bíi kìlówáàtì-wákàtì 1,000 sí 1,200 láti ọ̀dọ̀ oòrùn lọ́dún. Tiwa níbí lé ní 1,600. Síbẹ̀, nígbà tí 2023 fi máa parí, sólà tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ ní Jámánì ti lé ní gígáwáàtì 80.

Ọmọ àbúrò bàbá mi tún wáyà rẹ̀ so nígbà tí òjò lọ. Nígbà tó di oṣù kejì, ó pè mí. Oòrùn ń ta bí iná, ooru tó ń retí ti dé, síbẹ̀ fáànù rẹ̀ ń kú kí wọ́n tó pe ìrun alẹ́. Ohun tó dùn ún nìyẹn, torí ó ti fi owó tí ì bá fi ra kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà, ra nǹkan náà. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí Nàìjíríà sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kpayo tó ń gba ibodè wọlé ti wọ́n gan-an.

Mo gun òrùlé lọ ní ọjọ́ Àìkú kan. Pánẹ́ẹ̀lì méjì ni, 150 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kàn wọ́n mọ́ páànù pẹrẹsẹ, ọmọ ìka kò lè wọ abẹ́ wọn. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ tí mo yọ wáyà, tí mo fi mítà tó ń wọn fóltéèjì sí ẹnu ọ̀kan, ó ka fóltì 21.3. Ní aago méjì ọ̀sán, lẹ́yìn tí oòrùn ti kàn wá lórí, mo tún un gbé sí i: 19.1. Mo gbìyànjú láti fi àtẹ́lẹwọ́ kan férémù rẹ̀, mo yára fà á kúrò. Kí n má tàn yín: ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ fíìfíì, nítorí náà iná tó ń ṣàn wọ bátìrì lọ́sàn-án ṣì pọ̀ ju ti àárọ̀. Ṣùgbọ́n kò tó ohun tó yẹ kó jẹ́.

Wáàtì tí wọ́n kọ sára pánẹ́ẹ̀lì, ìgbà tí sílíkónì rẹ̀ wà ní ìwọ̀n 25 Celsius ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n kan lé sí i, yóò pàdánù nǹkan bíi 0.3 sí 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí páànù tí afẹ́fẹ́ kò ráyè gbà kọjá, sílíkónì lè gbóná dé ìwọ̀n 65. Ìyẹn fi 40 ju 25 lọ. Ẹ fi 0.4 lọ́nà 40, ó di 16. Nínú wáàtì 300 rẹ̀, 48 ti bá ooru lọ, ó sì tó fáànù kan.

Bátìrì ni mo wá lọ wò, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì wà. Wọ́n gbé e sínú àjà, lábẹ́ páànù, kó má baà gba àyè ní ṣọ́ọ̀bù. Bátìrì olómi ni, bíi ti mọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wú. Ìṣirò tí àwọn tó mọ bátìrì ń lò ni pé, bí ooru ibi tó wà bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 ju 25 lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí ìdajì. Bó bá tún fi 10 kún un, ìdajì ìdajì. Ìwọ̀n 45 kò ṣòro fún àjà ilé wa lọ́sàn-án. Bátìrì tó yẹ kó lo ọdún mẹ́rin á kú ní ọdún kan, olówó rẹ̀ á sì máa sọ káàkiri ìlú pé sólà ò dáa. Ó ń dùn mí gan-an, torí ilé tí mo ti rí i kì í ṣe ẹyọ kan: pánẹ́ẹ̀lì tó lè lo ogún ọdún wà lórí òrùlé, ó ń wòye, torí wọ́n ti sun bátìrì rẹ̀ jóná nínú àjà.

Òjò ń dín iná sólà kù, mi ò sẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí ìkùukùu bá dì pátápátá, ó lè má mú ju nǹkan bíi 10 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ wá. Ìmọ́lẹ̀ ló dín kù lọ́jọ́ náà, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó ń bá yín ṣe é fi oṣù keje ṣìrò iye pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì tí ẹ nílò, kó má fi oṣù kejì ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣú láti àárọ̀ dé alẹ́ lójoojúmọ́. Òjò á dá, á ti fọ eruku kúrò lójú gíláàsì, ojú ọ̀run á mọ́ kedere, pánẹ́ẹ̀lì á sì tutù. Irú wákàtí yẹn ni ó máa ń sún mọ́ wáàtì tí wọ́n kọ sára rẹ̀ jù lọ. Nígbà ọyẹ́, òtútù wà, àmọ́ eruku á bo ojú rẹ̀. Ẹ máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún láàárọ̀ kùtù tàbí nírọ̀lẹ́. Ẹ má da omi tútù lé e lọ́sàn-án gangan, gíláàsì lè sán.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílé wa náà ló rí fún orílẹ̀-èdè. Ní Pọbẹ̀, tí a máa ń gbà kọjá tí a bá ń lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ibùdó sólà mẹ́gáwáàtì 25 wà níbẹ̀ láti 2022. Kò tíì pọ̀ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó iná Maria-Gléta tó ń fi gáàsì ṣe mẹ́gáwáàtì 127, bẹ́ẹ̀ aago méje alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá tan iná lẹ́ẹ̀kan náà, ìmọ́lẹ̀ ti lọ ní Pọbẹ̀. Bí a ṣe máa tọ́jú iná ọ̀sán di alẹ́ ni ìṣòro tó wà níbẹ̀. Ní Kalalé, ní àríwá wa lọ́hùn-ún, àwọn obìnrin olóko ẹ̀fọ́ ti gba ọ̀nà mìíràn yọ láti nǹkan bí 2007: pánẹ́ẹ̀lì ń fa omi lójú ọ̀sán sínú táǹkì gíga, omi yẹn ló ń kán sídìí ẹ̀fọ́. Kò sí bátìrì tí ooru fẹ́ pa. Omi ni wọ́n ń tọ́jú.

Ní ti tiwa, a fi igi gbé pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì sókè ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀, a dá a tẹ̀ díẹ̀ kọjú sí gúúsù kí òjò lè máa ṣàn kúrò. Ó ra bátìrì mìíràn. Orí pẹpẹ kékeré lábẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ ló wà báyìí, níbi tí òun náà ń tẹ́sẹ̀ sí tí ooru bá mú un.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò rọ̀ láti ìdájí títí di aago mẹ́wàá. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tó dá. Mo gbé mítà sẹ́nu pánẹ́ẹ̀lì: 20.8. Máṣíìnì rẹ̀ ń dún, ó ní kí n gbé fóònù mi wá kí òun bá mi fi sórí iná. Ìṣó tó ń fi wáyà kọ́ nígbà yẹn ṣì wà lára ògiri. Téèpù ìwọnṣọ ló fi kọ́ ọ báyìí.