Ẹ Yé Fi STL Ránṣẹ́ Pé Ká "Kàn Tún Un Ṣe"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbéṣẹ́ fún àwọn tó ń ya àwòrán irin lórí kọ̀ǹpútà ní Àbújá yìí, ọ̀rọ̀ yín ti sú wa. Wẹ́dà ti dúró sí Dei-Dei, irin ti wà nílẹ̀, bóòtù M12 (oní-mìlímítà 12) ò wọ ihò. Ẹ ó wá pè: "Ẹ kàn bá mi mú ihò yẹn fẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni." Ká ṣí fáìlì, STL, fáìlì tó kàn gbé ìrísí ara nǹkan dání, la máa bá níbẹ̀!

Ta ló ní STL ṣe é tún ṣe bẹ́ẹ̀? Kò sí ihò kankan nínú STL. Ojú onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò síra wọn títí ó fi jọ ihò. Kò sí rédíọ̀sì tí a lè yí, kò sí àárín tí a lè dì mú. Fáìlì náà ò tiẹ̀ sọ bóyá mìlímítà ni tàbí íǹṣì, ìdí nìyẹn tí irin oní-íǹṣì 4 fi ń wọlé bíi mìlímítà 4, tó fi di dandan ká sọ ọ́ di ìlọ́po 25.4. Àkàrà tí wọ́n ti dín tán, ẹ ní ká ṣa àlùbọ́sà inú rẹ̀ láìfọ́ ọ! Nínú FreeCAD, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà kan, a lè lo "Create shape from mesh", ká sọ ọ́ di solid (ara tó kún inú), ká wá lo "Refine shape". Ìyẹn á so àwọn ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ pọ̀, àmọ́ ihò á ṣì ní igun yí ká. Àfi ká dí i pa, ká lu òmíràn.

Ká ní STEP, fáìlì tó ń tọ́jú ojú ara irin gẹ́lẹ́ bó ṣe rí, lẹ fi ránṣẹ́ ni! Bí ò tiẹ̀ gbé ìtàn bí wọ́n ṣe yà á dání, ihò inú rẹ̀ ihò ni. Nínú AutoCAD, ètò ìyàwòrán mìíràn, a ó lo àṣẹ SOLIDEDIT, ká yan Face, ká yan Offset, ká mú ojú inú ihò náà nìkan. Bóòtù M12 ń fẹ́ ihò mìlímítà 13.5, kì í ṣe 12 géérégé tẹ́ ẹ yà. Nọ́ńbà tí a ó tẹ̀ ni -0.75, ìdajì 1.5 tó kù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì ìyọkúrò, ẹran irin á pọ̀ sí i, ihò á sì kéré sí i. Bí ẹ bá tẹ -1.5, ihò á di 15, nítorí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yọ ọ́. Ẹ ó wá máa bú wẹ́dà.

Èyí tó ń dunni jù ni ti fillet, ìyẹn etí irin tí wọ́n yí po. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń yí etí po kẹ́ ẹ tó parí ara irin? Bí ògiri bá ní láti sún, fillet á dì í mú, ètò náà á kọ̀. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ojú fillet rẹ́, ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, ká sún ògiri, ká tó yí etí padà. Fillet tí rédíọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 5 lórí ojú tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju 4 lọ, ibo lẹ fẹ́ kó balẹ̀ sí?

Ẹ tún yé fi àṣẹ EXPLODE fọ́ solid. Ojú tó tẹ́ á di region (àwo pẹrẹsẹ), èyí tó ká á di surface (awọ lásán). Àṣẹ SURFSCULPT tó lè dá wọn padà di solid ò ní gbà bí àlàfo tín-ín-rín bá ṣẹ́ kù.

Bẹ́ ẹ bá sì ń fi SUBTRACT, àṣẹ tó ń yọ ara kan kúrò lára òmíràn, lu irin mìlímítà 6, ẹ ṣe òpó tẹ́ ẹ fi ń lu ún ní 8, kó yọ 1 lókè, kó yọ 1 nísàlẹ̀. Bó bá ṣe déédéé pẹ̀lú ojú irin, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè kù síbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gé irin ò sì ní mọ̀ pé ihò ni.

Fáìlì tẹ́ ẹ fi yà á gan-an ni kẹ́ ẹ fún wa, kí STEP tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ kọ mìlímítà tàbí íǹṣì síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ bóòtù tó máa wọ̀ ọ́. Bí STL nìkan lẹ bá ní, owó títún gbogbo rẹ̀ yà látìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ máa san.