Aṣọ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Wọ̀ Rí

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Iná ò sí. Ọ̀gá Sùlè jókòó sídìí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀. Bàbá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wà lórí bẹ́ǹṣì. Agbádá tó gbé wá kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ló ń dúró dè, Iléyá sì ti kọjá. Wáídì, ọmọ iṣẹ́, ń tẹ fóònù. Ìyá Ìbejì wọlé tòun ti ọ̀rá léèsì.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Sùlè. Bàbá Tíṣà, ẹ kú ìjókòó, sà.

BÀBÁ TÍṢÀ: Ìjókòó náà ni mo jókòó. Ó ti di iṣẹ́ mi.

Ọ̀GÁ SÙLÈ: Bàbá, agbádá yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bọ́tìnnì ló kù.

BÀBÁ TÍṢÀ: Agbádá tó ní bọ́tìnnì?

Ọ̀GÁ SÙLÈ: Ti bùbá abẹ́ rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, sà.

(Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ irú ẹ̀rín tí télọ̀ máa ń rín bẹ́ẹ̀.)

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ọ̀gá, ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ku ọ̀sẹ̀ méjì. Léèsì rèé, Gbági ni mo ti rà á. Sítáì tí mo fẹ́ nìyí. (Ó na fóònù sí i.)

Ọ̀GÁ SÙLÈ (ó wò ó, ó yí fóònù sọ́tùn-ún, ó yí i sósì): Ìyá Ìbejì, ibo ni obìnrin yìí gbà wọnú aṣọ yìí?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Báwo?

Ọ̀GÁ SÙLÈ: Mo wo iwájú, kò sí síìpù. Mo wo ẹ̀gbẹ́, kò sí. Kọ́sẹ́ẹ̀tì yìí fún un débi pé kò yẹ kó lè mí. Apá òsì, ó dáa, ara kọ́sẹ́ẹ̀tì ló wà. Apá ọ̀tún, inú gèlè ló ti jáde wá!

BÀBÁ TÍṢÀ: Inú gèlè kẹ̀? Mú un wá. (Ó fi awò sójú.) Lóòótọ́ o. Gèlè ló wálẹ̀ tó di apá aṣọ. Ta ni obìnrin náà? Ẹ pè é kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀.

WÁÍDÌ: Ẹ ò lè pè é, sà. Kò sí láyé.

BÀBÁ TÍṢÀ: Háà! Ọmọdé bẹ́ẹ̀! Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

WÁÍDÌ: Kò kú, sà. Wọn ò bí i rárá ni.

BÀBÁ TÍṢÀ: Wọn ò tíì bí i, ó sì ti ń wọ léèsì?

WÁÍDÌ: AI ni, sà. Èèyàn á kọ ohun tó wù ú sínú fóònù: obìnrin dúdú, léèsì àwọ̀ wáìnì, gèlè ńlá. Ẹ̀rọ á sì yà á. Ó ti wo fọ́tò àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ súà, ohun tó rí níbẹ̀ ló ń pò pọ̀.

BÀBÁ TÍṢÀ: Kò fọwọ́ kan aṣọ rí?

WÁÍDÌ: Kò lọ́wọ́, sà.

Ọ̀GÁ SÙLÈ: Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí ò lọ́wọ́ ló wá ń kọ́ mi níṣẹ́ ọwọ́! Ní 1997 tí fíìmù Ó Le Kú ti Túndé Kèlání jáde, gbogbo obìnrin ìgboro ló ya wá bá ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́: ìró tó mọ sórúnkún, bùbá rẹ̀ náà kúkúrú. "Oleku" ni wọ́n ń pè é. Mo wo fíìmù náà títí kásẹ́ẹ̀tì fi já. Ṣùgbọ́n àwọn tó wọ̀ ọ́ níbẹ̀ ń rìn, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń bínú. Mo rí bí ìró yẹn ṣe ń ṣe tí wọ́n bá jókòó! Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń ya ojú ìwé Ovation, ìwé ìròyìn àríyá, wá. Ẹni tó wà nínú Ovation, ó kéré tán, ó jẹ ìrẹsì níbi àríyá ọ̀hún!

BÀBÁ TÍṢÀ: Sùlè, má gbé àtijọ́ gun ẹṣin. Ìró kúkúrú yẹn, àwọn ìyàwó wa ti ń wọ̀ ọ́ kí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó gbé ìwé Ó Le Kú, tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, jáde ní 1974. Léèsì tó wà níwájú rẹ yìí ńkọ́? Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn ará Lustenau, ní Austria, ti ń ṣe é ránṣẹ́ sí wa. Oyìnbó tó ń ṣe é, ṣé ó ń wọ̀ ọ́ lọ sóde? Ankara ńkọ́? Helmond, nílẹ̀ Netherlands, ni Vlisco, iléeṣẹ́ tó ń ṣe é, wà láti 1846. Ẹni tí kì í wọ̀ ọ́ ló ti ń ṣe é fún wa látọjọ́ tó ti pẹ́.

Ọ̀GÁ SÙLÈ: Mo gbà, sà. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá oníṣòwò wa ń wọ bàálù lọ bá wọn lọ́hùn-ún. Wọ́n á ní èyí ò dáa, ẹ fi ihò kún tọ̀hún, oyìnbó á sì gbọ́. Èmi, ta ni màá wọ bàálù lọ bá nítorí apá tó jáde látinú gèlè?

(Níbí yìí, ẹ̀yìn télọ̀ ni èmi tó ń kọ ọ́ wà. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí aṣọ máa parí, ẹ má fi orúkọ mi kún un.)

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ibi tí mo ti rí àwòrán yìí?

Ọ̀GÁ SÙLÈ: Ibo ló tún kù? Instagram àwọn ọmọ Èkó.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Status WhatsApp yín ni! Àná! Ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Iṣẹ́ ọwọ́ wa. A kì í já oníbàárà kulẹ̀."

(Ọ̀gá Sùlè wo Wáídì. Wáídì ti tẹ̀ balẹ̀, ó ń wá abẹ́rẹ́. Kò sí abẹ́rẹ́ tó bọ́.)

Ọ̀GÁ SÙLÈ: Wáídì!

WÁÍDÌ: Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa gbé nǹkan síbẹ̀ lójoojúmọ́. Yúnífọ́ọ̀mù iléèwé méjì la rán lóṣù yìí. Ṣé yúnífọ́ọ̀mù ni kí n máa gbé?

BÀBÁ TÍṢÀ: Agbádá tèmi ńkọ́? Kí ló dé tí o ò gbé e?

WÁÍDÌ: Ọ̀gá ní...

(Ọ̀gá Sùlè wúkọ́ tó mi máṣíìnì.)

Ọ̀GÁ SÙLÈ: Ìpolówó lásán ni, Ìyá Ìbejì! Ẹni tó ń ta bọ́rẹ́ẹ̀dì náà máa ń ya èyí tó tóbi sára ọ̀rá.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Èyí tó wà lára ọ̀rá ni mo fẹ́ jẹ.

Ọ̀GÁ SÙLÈ: Ó dáa. Tí mo bá rán kọ́sẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ lè dúró, ẹ ò lè jókòó. Tí ẹ bá rọ́gbọ́n dá tí ẹ jókòó, oúnjẹ ò ní lọ. Tí olórin bá sì kì yín, ijó yẹn á kọjá lórí yín ni.

ÌYÁ ÌBEJÌ (ó dákẹ́ díẹ̀): Oúnjẹ ò ní lọ?

Ọ̀GÁ SÙLÈ: Omi pàápàá, díẹ̀díẹ̀ ni.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Aṣọ ẹbí tí wọ́n fi owó gọbọi tà fún mi! Ìrẹsì tí mo ti san owó rẹ̀ mọ́ léèsì! Ẹ rán ìró àti bùbá, jàre. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó fẹ̀ níbi ikùn. Ṣùgbọ́n Facebook ńkọ́? Kọ́sẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn máa gbé síbẹ̀.

WÁÍDÌ: Ìyẹn ò le, mà. Ẹ wọ ìró lọ jẹun, èmi á fi AI bá yín wọ kọ́sẹ́ẹ̀tì. (Ó ya á ní fọ́tò, ó tẹ fóònù títí.) Ó ti jáde, mà.

ÌYÁ ÌBEJÌ (ó gba fóònù): Wáídì, ta nìyí?

WÁÍDÌ: Ẹ̀yin ni, mà.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Pélé ojú mi dà?

WÁÍDÌ: Ó rò pé ọgbẹ́ ni, mà. Ó bá yín wò ó sàn.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ó tún bó mi láwọ̀! Ìdí mi ńkọ́?

WÁÍDÌ: Ó... ó bá yín dín in kù díẹ̀.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Ìdí tí Bàbá Ìbejì rí lọ́jà Gbági tó fi wọn aṣọ oníbàárà kọjá iye tó rà! Dá a padà! Dá a padà kíákíá kí n tó pariwo!

Ọ̀GÁ SÙLÈ: Ẹ ò rí i? Èmi kì í gé ìdí ọmọ ẹni. Aṣọ nìkan ni mò ń gé.

BÀBÁ TÍṢÀ: Èwo lo ti gé nínú tèmi?

(Ọ̀gá Sùlè wo òrùlé. Ó wo léèsì. Ó wo Wáídì.)

Ọ̀GÁ SÙLÈ: Wáídì, sáré lọ ra mínírà tútù fún Bàbá. Tí o bá ń bọ̀, bá mi wá téèpù.