Kì í Ṣe Orin Ló Kù Ká Tó Fi Nàìjíríà Yangàn

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti buwọ́ lu òfin tó dá orin orílẹ̀-èdè ti ayé òmìnira padà, ìwàásù kan ti gbòde ní Àgbádárìgì. Bí àwọn òbí ṣèpàdé nílé ìwé, bí olóṣèlú wá ṣí kànga ẹ̀rọ, ẹnìkan á ṣáà dìde, á ní àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ò nífẹ̀ẹ́ ìlú wọn. Wọn ò mọ orin. Wọn ò ka àsíá sí. Ọ̀rọ̀ jápa ni wọ́n fi ń sùn, òun náà ni wọ́n fi ń jí. Àwọn àgbà tó kọ orin náà ní kékeré, kí wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1978, á mirí, wọ́n á pàtẹ́wọ́.

A kò ní bá wọn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀sùn náà kò tọ̀nà, àwọn tí wọ́n sì ń fi í kàn kọ́ ló jẹ̀bi.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Nàìjíríà na orílẹ̀-èdè Benin ní 4-0 ní ìlú Uyo. Victor Osimhen nìkan gbá mẹ́ta wọlé nínú rẹ̀. Irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré lásán níhìn-ín. Ilé pọ̀ ní Àgbádárìgì tó jẹ́ pé ọmọ Ajárá ni ìyá, ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin ni bàbá, ẹ̀gbọ́n wà ní Kútọnu, àbúrò ń kàwé ní Èkó. Bí orílẹ̀-èdè méjèèjì bá pàdé lórí pápá, ẹnu á gùn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. Ẹni tó bá sì mọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ìlú yìí mọ irú ariwo tó máa ń ti ibẹ̀ jáde bí Nàìjíríà bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní wọn ò nífẹ̀ẹ́ ìlú wọ̀nyí kan náà ni wọ́n ń pariwo. Owó ara wọn ni wọ́n fi wọlé.

Bákan náà ni ti oṣù Keje ọdún 2022 ní ìlú Eugene, ní Amẹ́ríkà. Tobi Amusan sá eré ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ti ń fo igi, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 parí rẹ̀, kò sì sí obìnrin kankan láyé tó tíì sá a bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n fi wúrà sí i lọ́rùn, tí orin ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bọ́ lójú ọ̀pọ̀ wa tó ń wò ó lórí fóònù. Orin tí wọ́n ti wá pa tì báyìí ni wọ́n kọ lọ́jọ́ náà o. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹkún náà kò pé.

Ohun tí àwọn oníwàásù wa ń wá nìyẹn, ó sì wà nílẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kì í ṣaláì fi ọmọ Nàìjíríà yangàn. Ibi tí ìwúrí náà ti ń kú ni ibi tí ọwọ́ ìjọba ti ń kan ara ọmọ ìlú. Ibẹ̀ lè jẹ́ ilé ìwòsàn fún ẹlòmíràn, ó lè jẹ́ ilé ẹjọ́. Ní ti àwa ará Àgbádárìgì, ojú títì ni.

Títì wa kì í ṣe títì kékeré. Òun ló yẹ kó so Èkó mọ́ Kútọnu, Lómé, Àkrà, títí dé Àbíjàn. Ọ̀rọ̀ kòtò rẹ̀ ti sú wa í sọ, a kò ní tún un sọ lónìí. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣèlérí pé yóò dé Okokomaiko bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ló sì fìdí kalẹ̀ sí. Ó dára, a ní sùúrù. Àmọ́ sùúrù kò kan ti àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró. Bí èèyàn bá ti kọjá Agbára, aṣọ ìjọba oríṣiríṣi ni yóò máa bá pàdé. Èyí gbé pákó tí wọ́n kan ìṣó mọ́ dí ọ̀nà, tọ̀hún to táyà ògbólógbòó sílẹ̀, ẹ̀kẹta na okùn láti ìhín dé ọ̀hún. Bí wọ́n bá ti yọjú sí apá Sẹ̀mẹ̀ lẹ́nu bodè, wọ́n á wá sún mọ́ra débi pé ẹni tó wà lọ́dọ̀ àkọ́kọ́ lè máa wo ohun tí èkejì ń ṣe. Kọ̀ńdọ́ ti ká owó rẹ̀ sọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó débẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè, kò sẹ́ni tó dáhùn. Okùn á rọlẹ̀, ọkọ̀ á kọjá.

Láìpẹ́ yìí, nínú ọ̀kan nínú àwọn danfo náà, wọ́n ní kí ìyá àgbàlagbà kan sọ̀ kalẹ̀. Àgbọn àti gàrí ló wà nínú ẹrù rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ Ẹ̀gùn, èdè tí wọ́n ń sọ ní Àgbádárìgì àti ní Àjàṣẹ́.

“Màmá, ẹ mú ìwé yín wá.”

“Ìwé wo, ọmọ mi? Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Sẹ̀mẹ̀ ni mo ti ń bọ̀.”

“Èdè tí ẹ ń sọ yẹn, èdè Kútọnu ni. Ẹ sọ èdè Nàìjíríà ká gbọ́.”

Ìyá náà wo ọmọkùnrin yìí, tí kò lè dàgbà ju àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lọ. “Ajárá ni wọ́n bí mi sí. Ajárá ni wọ́n bí ìyá tó bí mi sí. Ìwọ ńkọ́, níbo ni wọ́n ti gbé ọ wá?”

Èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó tú àpò rẹ̀ títí ó fi rí káàdì ìdìbò kan tí àwòrán ojú rẹ̀ ti ṣá, ìgbà náà ni wọ́n tó jẹ́ kó padà sínú ọkọ̀. Káàdì tó fi dìbò yan àwọn tó rán ọmọ yẹn sójú títì ló fi bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ní Ẹ̀gùn kì í ṣe èdè Nàìjíríà, kó lọ bi ìtàn léèrè. Ọdún 1842 ni wọ́n kọ́kọ́ wàásù ìgbàgbọ́ lábẹ́ igi Àgíà nílùú yìí, ilé alájà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń wọ bọ́ọ̀sì wá wò láti ibi gbogbo sì ti dúró láti 1845. Gẹ̀ẹ́sì sọ Àgbádárìgì di ara Èkó ní 1863. Ó di 1889 kí òun àti Faransé tó jókòó ní Yúróòpù, tí wọ́n fa ìlà sáàárín wa àti Àjàṣẹ́, láì bi ará ìhín, láì bi ará ọ̀hún. Wọn kò tíì dá ohun tó ń jẹ́ Nàìjíríà sílẹ̀ nígbà náà. 1914 ni wọ́n so ó pọ̀. Ẹ̀gùn kò rìn wá bá Nàìjíríà. Nàìjíríà ló wá bá Ẹ̀gùn nílé.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 mọ èyí ju àwọn oníwàásù lọ. Abala 15 rẹ̀ di ẹrù náà ru ìjọba: òun ni kó ṣe é tí gbogbo ẹ̀yà ilẹ̀ yìí á fi máa rí i pé àwọn ní ìpín nínú rẹ̀, kí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè lè borí ìfẹ́ ẹ̀yà. Abala kan náà ló ní kí ìjọba jẹ́ kí èèyàn àti ọjà máa lọ máa bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ jákèjádò ilẹ̀ yìí. Lóòótọ́ ni abala 24 sọ pé kí ọmọ ìlú bọ̀wọ̀ fún orin àti àsíá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èwo ló ṣáájú. Àwọn amòfin á ní kò sẹ́ni tó lè tìtorí abala 15 pe ìjọba lẹ́jọ́. A mọ̀. Bí ilé ẹjọ́ kò bá lè béèrè rẹ̀, ó di dandan kí ará ìlú fi ẹnu béèrè rẹ̀.

Àsíá tí wọ́n ń wí pàápàá, ọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, Táíwò Akínkúnmi, ló yà á nígbà tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Ó lé lọ́dún kan kí òkú rẹ̀ tó wọlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní wọn ò ka àsíá sí gbọ́ ìròyìn yẹn bí gbogbo wa ti gbọ́ ọ.

Àwọn kan á ní ẹnu ibodè la wà, fàyàwọ́ kò sì dáwọ́ dúró, bí wọn ò bá dá ọkọ̀ dúró ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gidi ni. A kò ní kí wọ́n ṣí bodè sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, Ààrẹ Buhari àti Ààrẹ Talon ti Benin jọ wá ṣí ilé bodè tuntun ní Sẹ̀mẹ̀, èyí tí àjọ Yúróòpù náwó lé lórí, kí aṣọ́bodè ilẹ̀ méjèèjì lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan, kí wọ́n lè yẹ ẹrù wò lẹ́ẹ̀kan, kí ó tán. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìjọba tilẹ̀ ti bodè pa pátápátá rí, láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ìrẹsì òkèèrè kò tán lọ́jà wa láàárín ìgbà náà, ó kàn gbówó lórí ni. Àwọn tó ń ta àgbọn, tí wọ́n ń ta ẹja, tí wọ́n ń ra tòmátò lọ́hùn-ún wá tà níhìn-ín, ni òwò wọn dojú dé.

Ìdààmú mìíràn tún wà nínú ìwé òfin kan náà, Àgbádárìgì ló sì ń rí i jù. Abala 26 gba obìnrin àjèjì tó fẹ́ ọmọkùnrin ilẹ̀ yìí láàyè láti forúkọ sílẹ̀ kó sì di ọmọ Nàìjíríà. Ọkùnrin àjèjì tó fẹ́ ọmọbìnrin wa kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ajárá ọkùnrin tó mú ìyàwó wá láti Àjàṣẹ́ lè sọ ọ́ di ọmọ ilẹ̀; àbúrò rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ ará Àjàṣẹ́, àlejò ni ọkọ rẹ̀ á máa jẹ́ nílé tí àwọn méjèèjì jọ kọ́, ì báà fi ọdún mẹ́wàá gbé ibẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin l'Ábùjá dìbò tako àtúnṣe tí ì bá bá a wí. Àwọn obìnrin lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ náà láti fẹ̀hónú hàn. Òfin náà ṣì wà bó ṣe wà. Ìlú tó bá ń sọ fún obìnrin pé ọmọ ilẹ̀ tiẹ̀ kò tó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, orin wo ló fẹ́ kó kọ?

Ká tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọdá ọ̀sà dé Gberefu, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀ òkun láyé àtijọ́. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà àti Brazil tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú máa ń wá síbẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn dé etí òkun. Òmíràn á bú sẹ́kún, á bu iyanrìn díẹ̀ sínú ike. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi ọkọ̀ tù wọ́n wá á dúró lápá kan títí ẹkún á fi rọlẹ̀, á wá rọra sún mọ́ wọn, á bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń gba físà Amẹ́ríkà. A kò bú u. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, orílẹ̀-èdè Benin ṣòfin pé àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lè di ọmọ Benin. Ciara, olórin Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nàìjíríà tó ni Àgbádárìgì kò tíì rò ó débẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó bá fẹ́ páàsípọ́ọ̀tù olójú-ewé 32 á san 100,000 náírà láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, bẹ́ẹ̀ 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin. Ìwé tó yẹ kó fi yangàn níwájú àlejò, ó ju owó oṣù rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, kí àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Àgbádárìgì, ti Ìkẹjà àti ti Àbùjá, fi ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀ ná. Kí wọ́n gba àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró láti Agbára dé Sẹ̀mẹ̀: iléeṣẹ́ wo ló ni ín, ta ló pàṣẹ rẹ̀, ọjọ́ wo ni yóò kúrò. Kí wọ́n kà á sétí ìlú, kí èyí tí kò bá ní àṣẹ nídìí kó pákó rẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ́kù sójú títì, kí orúkọ rẹ̀ hàn láyà, kí wọ́n sì kọ́ ọ pé ará ìlú ló ń sọ Ẹ̀gùn. Kí wọ́n gbé àtúnṣe abala 26 padà síwájú ilé, kí wọ́n sì jẹ́ ká mọ ẹni tó dìbò tako ó. Ìbò 2027 ń bọ̀. Títì yìí kan náà ni wọn yóò gbà wá bẹ̀ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó jẹ́ na okùn dí ọkọ̀ tiwọn.