Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù tì í

Lọ́dún 1068, ràkúnmí 25 ru ìwé jáde láàfin Kálífà, olórí ìjọba Mùsùlùmí, ní ìlú Kàírò. Ogun kọ́ ló kó wọn. Wàsíírì, ìyẹn olórí àwọn ìjòyè Kálífà, ló ni ẹrù náà. Ìjọba jẹ ẹ́ ní 5,000 dínárì, àpò ìjọba sì ti gbẹ, ni wọ́n bá ní kó máa kó ìwé dípò owó. Al-Maqrizi, òpìtàn ọmọ Íjíbítì tó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wa, sọ pé ohun tó kó lọ lọ́jọ́ náà ju 100,000 dínárì lọ. Ìyẹn gan-an ṣì sàn, nítorí ìwé ló kó, ìwé náà ló sì gbé délé. Àwọn ọmọ ogun tí kò rówó oṣù gbà náà ya wọ ibẹ̀. Àwọn ẹrú wọn ń bó awọ ẹ̀yìn ìwé láti fi ṣe bàtà, wọ́n sì ń dáná sun ewé inú rẹ̀.

Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn Kálífà Fatimid, ìdílé tó ń jọba ní Íjíbítì nígbà náà, fi kó ìwé wọ̀nyẹn jọ. Àléébù tó pa ilé ìwé náà kò ju ọ̀kan lọ: ọwọ́ ìjọba ló ti ń jẹun. Ọjọ́ tí ebi wá pa ìjọba, ìwé wà lára ohun tó kọ́kọ́ jẹ.

Ìdí tí a fi ń sọ̀rọ̀ yìí lónìí ni pé ọ̀nà kan náà làwa ṣì ń tọ̀. Ìbáà ṣe ìjọba ìpínlẹ̀, ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí tàbí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ilé ìkàwé mọ́ láìfi ohun tí yóò máa pawó wọlé fún un tì í, kó sì fi òfin dè é tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè tà á. Àbá yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe é, a sì gbà pé iṣẹ́ tó ṣe fún ìmọ̀ láàárín wọn ju ti ọba ọlọ́gbọ́n kankan lọ.

Pépà ló kọ́kọ́ la ọ̀nà. Láti Samarkand, ìlú kan ní àárín gbùngbùn Éṣíà, ni ọgbọ́n rẹ̀ ti dé Baghdad, nígbà tó sì di òpin ọ̀rúndún kẹjọ, wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀. Bí ìwé ṣe wá di ohun tí owó ń ká nìyẹn, ọjà àwọn oníwèé sì gbòòrò. Ẹni tó ń da ìwé kọ lè jẹ́ òun náà ló ń dì í, kó tún jẹ́ òun ló ń tà á. Al-Jahiz, òǹkọ̀wé ọmọ Basra ní Iraq tí kò ti ilé ọlá wá, a máa háyà ṣọ́ọ̀bù wọn, yóò sùn síbẹ̀ kó lè ka ohun tó wà lórí igbá. Ibn al-Nadim, ọmọ oníwèé, fi ìmọ̀ tó rí nínú òwò yìí kọ Fihrist ní nǹkan bí ọdún 987. Orúkọ gbogbo ìwé èdè Lárúbáwá tó gbọ́ nípa rẹ̀ ló fẹ́ kó jọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti run. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, a kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọ wọ́n rí.

Ṣùgbọ́n ọjà ò mọ tálákà. Ẹni tí kò lówó tó máa fi háyà ṣọ́ọ̀bù mọ́jú ńkọ́? Wákàfù ló gba irú wọn sílẹ̀. Ẹni tó ní ilé, oko, ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ìwẹ̀ yóò yọ ọ́ kúrò nínú dúkìá rẹ̀, yóò fi lélẹ̀ nítorí Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà, kò ṣeé tà, kò ṣeé fi tọrẹ, ọmọ kò sì lè jogún rẹ̀. Owó tó bá ń wọlé lórí rẹ̀ ni wọn yóò máa fi tọ́jú ohun tó dárúkọ nínú ìwé rẹ̀, ì báà jẹ́ ilé kéwú, ilé ìwòsàn tàbí ilé ìkàwé. Àwọn aáfàà wa kì í yé wàásù rẹ̀ lábẹ́ sàdákà járíyà, ọrẹ tí ẹ̀san rẹ̀ kì í dá lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é.

Ní Kàírò kan náà yẹn, Kálífà al-Hakim ṣí Ilé Ìmọ̀ lọ́dún 1005. Kì í ṣe ilé àwọn ìjòyè nìkan. Ẹni tó fẹ́ kà á kà, ẹni tó fẹ́ dà á kọ dà á kọ, ọ̀fẹ́ sì ni tàdáwà, kálámù àti pépà. Nígbà tó di 1010, ó fi àwọn ilé àti ọjà kan ní Fustat, ìlú àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kàírò, lélẹ̀ fún àwọn mọ́ṣáláṣí kan, ó sì fa ìpín Ilé Ìmọ̀ yọ nínú rẹ̀. Al-Maqrizi kọ bí ìnáwó ọdọọdún ibẹ̀ ṣe rí: 257 dínárì lápapọ̀. Pépà àwọn adàwékọ gba 90 dínárì. Ẹni tó ń tọ́jú ìwé ń gba 48, ẹni tó ń tọ́jú ilé ń gba 15. Ẹní jẹ́ 10, omi mímu 12. Títún ìwé tó bá ya tàbí tí ewé rẹ̀ bá já ṣe, 12. Títún aṣọ ìkélé ṣe, dínárì 1.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí dínárì 1 yìí. Ẹni tó ṣètò ìnáwó yẹn mọ̀ pé aṣọ ìkélé yóò gbó. Ó mọ̀ pé òǹkàwé á fọwọ́ ya ìwé, òùngbẹ á sì gbẹ ẹ́. Kò fẹ́ kí olùtọ́jú ìwé máa kọ lẹ́tà sí ààfin nítorí owó omi, tàbí kó máa bẹ àlejò tó bá yà síbẹ̀. Ní tiwa, ìjọba á kọ́lé, gómìnà á gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Lẹ́yìn náà àjà á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, iná á lọ, jẹnẹrétọ̀ kò ní epo, ìwé tuntun kò sì ní wọlé mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa jókòó síwájú ilé, wọ́n á máa retí owó oṣù. Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò sẹ́ni tó kọ dínárì 1 aṣọ ìkélé sínú ìwé fún wọn ni.

Ilé Ìmọ̀ náà rí ìjà. Wọ́n tì í fúngbà díẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn dojú rú níbẹ̀, wọ́n tún un ṣí, ó sì wà títí ìjọba Fatimid fi parí lábẹ́ Saladin, ọ̀gágun tó gba agbára ní Íjíbítì, ní 1171. Èyí ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti fi ìwé ààfin san gbèsè.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé iṣẹ́ ọba nìkan ni irú nǹkan báyìí, kó gbọ́ nípa Merv, ìlú kan tí àwókù rẹ̀ wà ní orílẹ̀-èdè Turkmenistan lónìí. Yaqut al-Hamawi dé ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá. Ẹrú ni wọ́n mú un lọ́mọdé láti ilẹ̀ Róòmù ti Ìlà-Oòrùn, oníṣòwò kan ní Baghdad ló rà á. Lẹ́yìn tó gba òmìnira, dída ìwé kọ àti títa ìwé ló fi ń jẹun. Ní Merv, ó bá ilé ìkàwé wákàfù mẹ́wàá. Ó ní ìwé tí òun yá sílé kì í dín ní 200, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìfi ohunkóhun dógò. Àwọn ìwé yẹn ló lò jù lọ láti kọ ìwé ńlá tó ṣe nípa àwọn ìlú ayé, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ta ló fi wọ́n lélẹ̀? Èyí tó tóbi nínú wọn, al-Aziziyya, tó ní nǹkan bí ìwé 12,000, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Aziz al-Din al-Zanjani ló ṣe é. Èso àti ewé olóòórùn dídùn ló ń tà lọ́jà Merv nígbà kan, kó tó di agbọ́tí Sultan Sanjar. Èyí wú wa lórí ju ìtàn ọba èyíkéyìí lọ. Ẹni tó ń ta èso lọ́jà ló kó ìwé jọ, ẹni tó ti ṣe ẹrú rí ló sì kà á di ọ̀mọ̀wé tí ayé ṣì ń tọ́ka sí. Ibi tí ìwé bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Àgbègbè Merv yìí náà ni Karima al-Marwaziyya ti wá, obìnrin tó ń kọ́ni ní Hadith al-Bukhari, àkójọ ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, ní Mẹ́kà ní ọ̀rúndún kọkànlá, tí al-Khatib al-Baghdadi, ọ̀kan lára ọ̀mọ̀wé ńlá ìgbà náà, jókòó síwájú rẹ̀ láti kà á.

Àwọn kan á ní bí a bá ṣí irú ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀, olè á jí ìwé rẹ̀ kó. Òótọ́ ni, wọ́n jí i kó nígbà náà pẹ̀lú. Ní ilé ìwé al-Mahmudiyya ní Kàírò, ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ka ìwé, wọ́n rí i pé ó dín. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yọ olùtọ́jú rẹ̀, wọ́n sì fi Ibn Hajar al-Asqalani, adájọ́ àti onímọ̀ Hadith tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n, síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe àkójọ orúkọ gbogbo ìwé tó wà nílé náà. Bí olè bá wà, kíkà ni oògùn rẹ̀. Ti ogun ni kò ní oògùn: ní 1221, àwọn Mongol pa Merv run, Yaqut ti sá jáde kí wọ́n tó dé.

Ìmọ̀ yìí gba ọ̀nà aṣálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ahmad Baba, ọ̀mọ̀wé ará Timbuktu (ní Mali òde òní), tí àwọn ọmọ ogun Mòrókò mú lọ sí Marrakesh ní 1594, sọ pé ìwé 1,600 ni wọ́n kó lọ́wọ́ òun, àti pé tòun ló kéré jù láàárín ẹbí òun. Nígbà tó ń dáhùn ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ ẹrú lọ́dún 1615, ó dárúkọ Yorùbá, ìyẹn sì wà lára ibi tó pẹ́ jù lọ tí a ti rí orúkọ wa nínú ìwé. Títí dòní, ìwé àfọwọ́kọ wà nínú àpótí nílé àwọn ìdílé aáfàà ní Ìlọrin, Ìbàdàn àti Ìwó. Ní 1964, Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó kan sílẹ̀ láti máa ya àwòrán irú ìwé bẹ́ẹ̀ pa mọ́. Ìyókù wà lọ́wọ́ ikán àti òjò. Bí bàbá bá kú, ọmọ tí kò gbọ́ kéwú kò ní mọ ohun tó wà nínú àpótí tó bá nílé.

A mọ̀ pé a lè ṣe é, nítorí a ti ń ṣe ìdajì rẹ̀. Mélòó ni mọ́ṣáláṣí nílẹ̀ Yorùbá tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù yí ká, tí owó ṣọ́ọ̀bù náà ń san owó iná àti owó ládánì? Kí àwọn tó ń fi mábù àti táìsì kọ́ mọ́ṣáláṣí kẹta ní àdúgbò kan náà yí owó náà síbòmíràn. Kí ìjọ Kìrìsìtẹ́nì tó ní ilé ìgbà-àlejò fa díẹ̀ yọ nínú èrè rẹ̀ fún ìwé. Kí àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ṣe òfin tí yóò fi ilẹ̀ tàbí ọjà kan lélẹ̀ fún ilé ìkàwé ìjọba kọ̀ọ̀kan, tí gómìnà tó ń bọ̀ kò fi ní lè gbà á padà. Kí wọ́n lẹ owó tó wọlé àti èyí tó jáde mọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́dọọdún, kí wọ́n sì máa ka ìwé. Ìgbìmọ̀ tí kò lówó púpọ̀ lè fi ṣọ́ọ̀bù méjì bẹ̀rẹ̀: kí ọ̀kan máa san owó oṣù ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn, kí èkejì wà fún ìwé, àtúnṣe àti omi mímu.