Ẹ kọ aago tí Wi-Fi yín ń já sílẹ̀ kí ẹ tó ra ráútà tuntun

Owó tí mo rí tí àwọn èèyàn ń ná sórí Wi-Fi ilé ń dùn mí, ló jẹ́ kí n kọ èyí. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti ń já, tó ń padà, tó tún ń já, ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ máa ń ṣe ni ká bú àwọn tó ń ta dátà, ká ra síìmù mìíràn, ká wá ra ráútà tuntun, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi fún gbogbo ilé, lé e. Èmi náà ṣe gbogbo rẹ̀. Lójú tèmi, ìwé kékeré kan àti bírò ló yẹ kó ṣáájú owó.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Láti ilé wa n'Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ní èdè Yorùbá lórí Zoom, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé èdè olóhùn ni tiwa. Igbá, igba, ìgbà, igbà: bí ìró bá gé díẹ̀ péré, ọmọ kò mọ èyí tí mo pè, bẹ́ẹ̀ ohùn mi ló ń tẹ̀ lé. Kí n tó padà dé orí ẹ̀rọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, àwọn ọmọ á ti tú ká. Ìyá ọmọ kan fi sùúrù sọ fún mi pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín á fi dáa." Kò bú mi o, ṣùgbọ́n mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Gbogbo ìgbà tí mo bá pe ilé-iṣẹ́ tí mo ń ra dátà lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ẹ pa ráútà yín, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún un tàn." Òótọ́ ni pé pípa àti títàn máa ń jẹ́ kó dáa. Ohun tí mo ní sí i ni pé ó máa ń pa ẹ̀rí rẹ́. Iná tó wà lójú ráútà ló ń sọ ibi tó ń ro ó. Ẹni tó bá ti sáré pa á kò ní gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ibi méjì ni okùn yìí ti lè já: láàárín fóònù yín àti ráútà, tàbí láàárín ráútà àti òpó tó ń fún un ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ó bá já, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ mú fóònù méjì, ẹ dúró ti ráútà gan-an, kí ẹ wá wò ó. Bí orúkọ Wi-Fi yín bá ṣì wà níbẹ̀ tí àmì rẹ̀ sì kún, tí kò kàn sí ohun tó ń ṣí, ọ̀rọ̀ náà wà níta: ó lè jẹ́ òpó, ó lè jẹ́ dátà tó tán. Bí fóònù kan ṣoṣo ló ń ya aláìgbọràn, fóònù yẹn ni kí ẹ tọ́jú. Bí orúkọ Wi-Fi náà bá pòórá lórí gbogbo fóònù inú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ráútà fúnra rẹ̀ ló kú tó tún jí. Ìyẹn ni tèmi.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ aago sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé, 6:12 àti 6:47. Ọjọ́rú, 6:05, 6:31, 7:10. Ọjọ́ Ẹtì, 6:20. Àárọ̀, kò sí nǹkan kan. Ọ̀sán, kò sí. Ìwé yẹn ni ọmọbìnrin mi gbé lọ́wọ́ tó fi sọ pé, "Mọ́mì, ìgbà tí fáànù bá rọ̀ ni. Ìgbà tí Bàbá onílé bá tan pọ́ǹpù."

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Mọ́tò pọ́ǹpù kànga máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ju ìgbà tó bá ti ń sáré lọ. Ìrọ̀lẹ́ sì nìyẹn, gbogbo àdúgbò ti dé láti ibi iṣẹ́, iná tó yẹ kó jẹ́ 230 fólítì ti rẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ara ṣájà ráútà yín, ẹ máa rí i pé wọ́n kọ 100 sí 240 fólítì sí i fún iná tó ń wọlé, àti, bíi ti tèmi, 12 fólítì fún èyí tó ń jáde. Bí ti wíwọlé bá já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, 12 náà kò ní pé, ráútà á kú fìrí, á tún dìde, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá òpó láti ìbẹ̀rẹ̀. Gílóòbù LED wa kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Fáànù nìkan ló sọ òótọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni mo sì ki ráútà tuntun bọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sàn.

Bátìrì kékeré tí wọ́n ń tà fún ráútà, tí wọ́n ń pè ní mini UPS, ni mo rà. Ẹ rí i dájú pé fólítì rẹ̀ bá ti ráútà yín mu kí ẹ tó ki í bọ̀ ọ́, nítorí òmíràn wà tó jẹ́ 9, òmíràn jẹ́ 12. Láti ọjọ́ tí mo ti so ó mọ́ ọn, kò tíì já lẹ́nu iṣẹ́.

Mi ò sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ kì í jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun bíi mélòó kan, MainOne àti WACS wà lára wọn, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà sì rí i. Kò sí bátìrì tó lè wo ìyẹn. Ṣùgbọ́n Wi-Fi ilé kò pòórá lọ́jọ́ náà. Ó wà níbẹ̀, ojú ewé ni kò ṣí. Ìyàtọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń gba ìpè máa bi èèyàn kí wọ́n tó ní ká pa nǹkan kan.

Ó ku ti yàrá ẹ̀yìn, níbi tí Wi-Fi kì í ti í dé dáadáa. Bí ráútà yín bá ní orúkọ méjì, tí ọ̀kan parí sí 5G, kì í ṣe 5G ti òpó o, 5 GHz ni wọ́n ń wí, ìyẹn irú ìgbì tí Wi-Fi náà ń lò. Ó yára, àmọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù tètè ń dá a dúró. Ẹ lo ìkejì, 2.4 GHz, bí ẹ bá jìnnà sí ráútà, kí ẹ má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ microwave, torí ìgbì kan náà ni wọ́n jọ ń lò.

Mo lọ kí Bàbá onílé pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́. Wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ ò ṣe sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí?" Aago márùn-ún ni wọ́n ń fa omi báyìí. Ráútà àkọ́kọ́ tí mo pè ní òkú, mo tan án lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń ṣiṣẹ́.