Ẹyẹ òkun kì í gba ọ̀nà tààrà

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ẹyẹ tó bá ń ré òkun kọjá, ọ̀nà tó kúrú jù ló máa gbà. Kò kúkú sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú òfurufú, kí ló fẹ́ mú un yà? Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí mo rí máàpù ìrìn àjò Arctic tern.

Ẹyẹ funfun ni, ó dé fìlà dúdú, ẹnu rẹ̀ pupa. (Ẹ má pè é ní lékeléke o, kì í ṣe gbogbo ẹyẹ funfun ni lékeléke.) Ìwọ̀n rẹ̀ ò ju nǹkan bí 100 gíráàmù lọ. Àríwá ayé ló ti ń pa ọmọ, ó ń lọ sí Antarctica ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, á tún padà. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 40,000 kìlómítà ni wọ́n ń bù fún àlọ àtàbọ̀ rẹ̀ lọ́dún, bí ẹni fi rúlà fa ìlà.

Làwọn onímọ̀ bá so ẹ̀rọ tó wúwo 1.4 gíráàmù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ní Greenland àti Iceland. Ẹ̀rọ yìí ò bá sátẹ́láìtì ṣe pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kọ sílẹ̀: ìgbà tílẹ̀ mọ́, ìgbà tílẹ̀ ṣú. Bí ojúmọmọ ṣe gùn tó ló ń sọ bí ẹyẹ ṣe jìnnà sí agbedeméjì ayé. Aago tí ọ̀sán gangan bọ́ sí ló ń sọ bó ṣe lọ sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn tó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ tún rí ẹyẹ kan náà mú lẹ́yìn tó bá padà dé, kẹ́ ẹ tó lè ka ohun tó kọ.

Lọ́dún 2010, àbájáde ẹyẹ 11 jáde. Tá a bá pín in dọ́gba, 70,900 kìlómítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fò lọ́dún! Wọ́n kọ́kọ́ dúró jẹun nínú agbami Atlantic ní àríwá, fún nǹkan bí ọjọ́ 25. Nítòsí erékùṣù Cape Verde, wọ́n pínyà: méje tọ etíkun Áfíríkà, mẹ́rin ré kọjá sí ìhà Bràsíìlì.

Àbọ̀ wọn gan-an ló yà mí lẹ́nu. Wọn ò tọ etíkun kankan. Àárín agbami ni wọ́n gbà, wọ́n ń rìn kọ́lọkọ̀lọ bíi lẹ́tà S. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń yí po ni. Ẹni tó bá fẹ́ lọ tààrà, iwájú ni yóò ti máa fẹ́ lù ú. Àwọn ẹyẹ yìí yà bá afẹ́fẹ́ náà lọ kí ó lè máa tì wọ́n lẹ́yìn. Àlọ tó gbà wọ́n ní ọjọ́ 93, pẹ̀lú ìdúró jẹun, ọjọ́ 40 péré ni wọ́n fi rin àbọ̀ rẹ̀.